Ẹni Tí Ó Fẹ́ Fi Orúkọ Ara Rẹ̀ Sí Aṣọ: Ọ̀rọ̀ Sí Àwọn Aránṣọ Mùsùlùmí àti Àwọn Ẹgbẹ́ Àsàlátù Wa



Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá sí ojúewé yìí lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrun kíkí tàbí ti ààwẹ̀ gbígbà, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí wọn. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ni, àti ọ̀rọ̀ bí a ti ń bá ara wa gbé. Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹni tí kò rí iṣẹ́ ṣe, wáàsí a máa pẹ́ kí ó tó wọ̀ ọ́ létí.

Ẹ̀yin náà mọ̀ bí ìgbòmìnira ọmọ iṣẹ́ aránṣọ ti máa ń rí láàrin wa. Aáfà yóò ṣe àdúà, ọ̀gá yóò fi àlùmọ́gàjí lé ọmọ náà lọ́wọ́, a ó fún un ní ìwé ẹ̀rí, àwọn òbí yóò jó, a ó jẹ ìrẹsì, a ó sì túká. Ṣùgbọ́n bí a bá padà dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà lẹ́yìn ọdún méjì, nígbà púpọ̀ a ó bá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ní igun yàrá tí wọ́n ti fi aṣọ bò ó, òun fúnra rẹ̀ a sì máa ta omi inú ọ̀rá ní ẹ̀gbẹ́ títì. N kò sọ pé omi títà burú. Òwò tí ó mọ́ ni. Ṣùgbọ́n gbogbo ọdún tí ó fi jókòó ti ọ̀gá, àti owó tí àwọn òbí rẹ̀ ná, ti wọmi.

Èmi tí mo ń kọ̀wé yìí, iṣẹ́ aránṣọ ni mo kọ́kọ́ ṣe, mo sì ti ń wo ọ̀ràn náà pẹ́. Ọwọ́ àwọn ọmọ wa dá. Òye wà lórí wọn. Ohun tí ó ń pa iṣẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ ni pé ọjọ́ tí a dá wọn sílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá náà ni a fi wọ́n sílẹ̀ pátápátá. Kò sí ẹni tí yóò bi wọ́n pé báwo ni iṣẹ́. Àjèjì ọwọ́ kan kò sì gbé ẹrù dé orí.

ORÚKỌ LÁRA AṢỌ

Oríṣi aránṣọ méjì ni ó wà. Èkínní ni ẹni tí ó jókòó de oníbàárà. Oníbàárà gbé aṣọ wá, ó fi tépù wọ̀n ọ́n, ó gé e, ó rán an, ó gba owó iṣẹ́. Aṣọ jẹ́ ti ẹlòmíràn, àrà tí a dá sí i náà nígbà púpọ̀ jẹ́ ti ẹlòmíràn, nítorí inú àwòrán ni oníbàárà ti rí i.

Èkejì ni ẹni tí ó fi owó ara rẹ̀ ra aṣọ, tí ó dá àrà tirẹ̀ sí i, tí ó rán an ní kékeré, ní àárín àti ní ńlá, tí ó gbé e kọ́ fún ẹni tí yóò rà á. Ní ọrùn aṣọ náà, níbi tí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ nìkan ti lè rí i, ó rán ègé aṣọ kékeré kan mọ́ ọn tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Lébẹ́ẹ̀lì ni àwọn ọ̀dọ́ ń pè é. Jálàbíà ni ẹlòmíràn ń fi orúkọ rẹ̀ sí, ìbòrí ni ti ẹlòmíràn, ẹlòmíràn àdìrẹ, ẹlòmíràn fìlà aṣọ òkè.

Mo ti gbọ́ tí àwọn àgbàlagbà kan ń sọ pé ìgbéraga ni kí ọmọdé máa kọ orúkọ ara rẹ̀ sára aṣọ. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Orúkọ lára aṣọ, ẹ̀rí ni. Ẹni tí ó bá rán orúkọ rẹ̀ mọ́ ọrùn aṣọ ti sọ fún ayé pé bí ojú rírán yìí bá tú, èmi ni kí ẹ wá mú. Aránṣọ tí kò kọ orúkọ lè sá. Èyí tí ó kọ orúkọ kò rí ibi sá sí. Àwa tí a ka Súrà kẹtàlélọ́gọ́rin mọ ìbáwí tí ó wà níbẹ̀ fún àwọn tí ń dín òṣùwọ̀n kù. Nínú Súrà kẹrìnlélọ́gbọ̀n, a rí i pé Ọlọ́hun rọ irin fún Ànábì Dáwúdù, Ó sì pàṣẹ fún un pé kí ó ṣe ẹ̀wù irin, kí ó sì wọn àwọn òrùka rẹ̀ dáadáa. Ṣé ẹ rí i pé ìwọ̀n aṣọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré lọ́dọ̀ Ọlọ́hun?

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kejì yìí wọ́n ju ti èkínní lọ. Ẹni tí ó jókòó de oníbàárà, owó oníbàárà ni ó fi ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó fẹ́ fi orúkọ ara rẹ̀ sí aṣọ gbọ́dọ̀ ra aṣọ, ìtẹ́nú, òwú, sípì àti bọ́tìnnì, kí ó sì ra epo sí ẹ̀rọ iná mànàmáná, kí kọ́bọ̀ kan tó wọlé. Ibẹ̀ ni gbèsè ti ń wọlé. Bí oṣù Ramadan bá ti sún mọ́lé, àwọn ọmọ wa a máa sáré lọ yá owó èlé, nítorí wọ́n rò pé ọjà yóò tà kí Ìtùnú Ààwẹ̀ tó dé. Bí ọjà náà kò bá tà tán, owó èlé kò ní dúró. Ẹni tí ó yá wọn lówó yóò máa kanlẹ̀kùn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọn yóò ta ẹ̀rọ, wọn yóò sì máa gba ọ̀nà ẹ̀yìn kọjá níwájú mọ́ṣáláṣí nítorí ìtìjú.

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé Súrà Bákárà ya òwò sọ́tọ̀ kúrò lára ribá, pé Ọlọ́hun ṣe òwò ní ẹ̀tọ́, Ó sì ṣe ribá ní èèwọ̀. A ń wàásù rẹ̀ lórí mínbárì, ó sì tọ̀nà. Ìbéèrè mi ni èyí: bí a bá ti ilẹ̀kùn kan mọ́ ọmọ ẹni, ṣé kò yẹ kí a ṣí òmíràn fún un? Jàmáà tí ó ń sọ fún aránṣọ pé má yá owó èlé, tí kò sì fi ọ̀nà mìíràn hàn án, ìdajì iṣẹ́ ni ó ṣe.

ÌTÀN ÀWỌN ARÁ MÀDÍNÀ

Ọ̀nà mìíràn náà kò ṣòro í rí. Nígbà tí Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ṣí kúrò ní Mẹ́kà lọ sí Màdínà ní 622, àwọn tí ó tẹ̀ lé e fi ilé àti òwò wọn sílẹ̀. Ànábì wá so wọ́n pọ̀ mọ́ àwọn ará Màdínà ní méjì méjì gẹ́gẹ́ bí arákùnrin. Ó so Abdur-Rahman ọmọ Awf pọ̀ mọ́ Saad ọmọ Rabii. Olówó ni Saad. Ó sọ fún arákùnrin rẹ̀ tuntun yìí pé òun yóò pín ọrọ̀ òun sí méjì, kí ó mú ìdajì.

Abdur-Rahman kò gbà á. Ó ṣe àdúà pé kí Ọlọ́hun fi bàríkà sí ọrọ̀ Saad àti ará ilé rẹ̀, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi ọ̀nà ọjà han òun. Wọ́n fi ọjà àwọn Banu Kainuka hàn án. Ó jáde lọ ná ọjà, ó mú wàrà gbígbẹ àti òróró wàrà bọ̀. Kò pẹ́ títí tí ó fi ní ohun tí ó fi gbé ìyàwó, tí Ànábì sì ní kí ó ṣe wàlímà, ìbáà ṣe àgùntàn kan ni yóò pa. Nígbẹ̀yìn, ó di ọ̀kan lára àwọn tí ó lówó jù lọ nínú àwọn sàábé.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn yìí dáadáa. Saad ṣí ọwọ́ rẹ̀, Abdur-Rahman kò sì jókòó tẹtẹrẹ lé ọwọ́ tí a ṣí sílẹ̀. Ohun tí ó tọrọ kéré lójú, ṣùgbọ́n ó tóbi: ọjà. Àlejò kò mọ ibi tí ọjà wà, onílé ni ó mọ̀ ọ́n. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, àlejò ni nínú òwò. Àwa tí a ti wà níbẹ̀ ni onílé. Ohun tí a jẹ ẹ́ ní gbèsè ni pé kí a mú un mọ ọjà, kì í ṣe pé kí a máa bọ́ ọ.

Àwọn ará Màdínà tí ó ran àwọn àlejò lọ́wọ́ yìí ni a ń pè ní Ansar. Orúkọ wọn ni àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí kan ní Èkó mú nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní 1923, tí wọ́n fi owó jọ láti kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ Mùsùlùmí. Ẹlẹgbẹ́ ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọlọ́rọ̀. Ohun tí wọ́n ṣe fún ìwé kíkà, a lè ṣe é fún abẹ́rẹ́ àti òwú.

OHUN MẸ́RIN TÍ ẸLẸGBẸ́ LÈ ṢE FÚN ẸLẸGBẸ́

Èkínní ni owó. Èsúsù kì í ṣe ohun tuntun sí wa. Ká ní aránṣọ mẹ́wàá láàrin jàmáà kan ń dá ₦10,000 lóṣooṣù. ₦100,000 ni yóò máa wà nílẹ̀ lóṣù, ẹnì kan ni yóò sì gbé e, títí yóò fi kárí. Kò sí èlé níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí alájọ tí yóò yọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n fi òfin kan sí i: owó iṣẹ́ ni. Ẹni tí ó bá gbé e kí ó mú aṣọ tí ó rà wá fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí, kí ó má ṣe fi ra léèsì ìgbéyàwó. Kí wọ́n sì fi ọgbọ́n to yíyí rẹ̀, kí ẹni tí ó ń rán aṣọ ọmọdé rí tirẹ̀ gbé ní oṣù méjì ṣáájú Iléyá, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Èkejì ni ẹ̀rọ àti ọjà ríra. Kò sí aránṣọ tí kò ní ẹ̀rọ ìránṣọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ń yí etí aṣọ kí ó má baà tú, àti èyí tí ń lu ihò bọ́tìnnì, kò di dandan kí ẹni márùn-ún ra márùn-ún. Ẹ̀rọ kan lè tó márùn-ún lò, bí wọ́n bá ti pín ọjọ́ rẹ̀. Bákan náà ni ọjà. Ẹni tí ó lọ sí Gbági ní Ìbàdàn tàbí Balógun ní Èkó láti ra ọ̀pá mẹ́ta kò lè gba iye tí ẹni tí ó ra odindi ìdì gbà. Bí ẹni mẹ́wàá bá rán ẹnì kan lọ, owó ọkọ̀ di ọ̀kan, iye ọjà a sì wálẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ojú, èyí sì ni ó ṣọ̀wọ́n jù. Ìyá ẹni kò ní sọ fún ni pé ọrùn aṣọ wọ́, oníbàárà kò sì ní sọ. Kò kàn ní padà wá mọ́ ni. Ẹlẹgbẹ́ nìkan ni ó mọ iṣẹ́ tó láti rí i, tí ó sì sún mọ́ni tó láti sọ ọ́. Mo mọ àwọn ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pàdé lọ́jọ́ Sunday ìparí oṣù lẹ́yìn àsàlátù. Olúkúlùkù a mú aṣọ kan wá. Wọn kì í wo ẹ̀yìn aṣọ rárá, inú ni wọ́n ń yí síta. Wọn a wo ojú rírán, wọn a fa á, wọn a wo ibi tí a so òwú sí. Lẹ́yìn èyí, wọn a béèrè pé: èló ni o fẹ́ tà á?

Ìbéèrè yẹn ni ó ń gba ọ̀pọ̀ là. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni kí aránṣọ gbàgbé ara rẹ̀ nínú ìṣirò. Ká ní aṣọ, ìtẹ́nú, òwú àti sípì jẹ́ ₦8,000, tí ó sì tà á ní ₦9,500. Ó rò pé òun jèrè ₦1,500. Epo tí ó rà ńkọ́? Owó ṣọ́ọ̀bù ńkọ́? Ọjọ́ méjì tí ó fi jókòó ti ẹ̀rọ ńkọ́? Bí a bá yọ gbogbo rẹ̀, ó ti fi owó kún owó fún ẹni tí ó ra aṣọ. Ẹlẹgbẹ́ tí ó bá bá a ka ọ̀rọ̀ yìí sórí ìwé ṣe é ní oore ju ẹni tí ó yá a lówó lọ.

Ẹ̀kẹrin ni ọjà fúnra rẹ̀, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ fetí sí mi. Kò sí àsàlátù kan nínú ìlú wa tí kì í dá aṣọ ẹgbẹ́. A ń dá a fún Máólúdù, a ń dá a fún wàlímà Kùránì, a ń dá a fún Iléyá. Ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni ọgọ́ta ń ra aṣọ tí wọ́n tẹ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè, olúkúlùkù á sì gbé tirẹ̀ lọ sọ́dọ̀ aránṣọ tí ó wù ú, nígbà tí ọmọ ẹgbẹ́ tí ó ń jókòó ní sàfù kẹta ní ẹ̀rọ tí kò rí iṣẹ́ ṣe.

Bí ẹgbẹ́ náà bá sọ pé ọdún yìí, àwọn aránṣọ wa ni yóò dá àrà aṣọ wa, àdìrẹ Abẹ́òkúta tàbí ti Òṣogbo ni wọn yóò sì fi dá a, tí wọ́n sì san ìdajì owó sílẹ̀, owó ìdajì yẹn ni owó ìbẹ̀rẹ̀ tí àwọn ọmọ wa ń wá kiri lọ́dọ̀ olówó èlé. Ribá kò sí nínú rẹ̀, ẹ̀bùn sì kọ́, nítorí náà kò sí ìtìjú. Àwọn aáfà onímọ̀ ní orúkọ fún un: istisnaa, kí a ní kí oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe ohun kan fún wa tí a ti ṣàpèjúwe rẹ̀, ní iye tí a ti fẹnu kò sí. Lẹ́yìn ọdún, aṣọ ọgọ́ta tí orúkọ ọmọ náà wà ní ọrùn rẹ̀ yóò máa rìn káàkiri ìlú. Ìpolówó wo ni ó jù bẹ́ẹ̀ lọ?

ÀWỌN TÍ Ó TI GBA Ọ̀NÀ YÌÍ

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àlá ni mo ń lá. Ní Ìbàdàn, Alhaja Humuani Àlàgá, oníṣòwò aṣọ, ni ó ṣe olórí àwọn obìnrin aláṣọ. Ní 1958, òun àti àwọn obìnrin Mùsùlùmí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ Isabatudeen sílẹ̀, nígbà tí ó di 1964, ilé-ẹ̀kọ́ gírámà àwọn ọmọbìnrin tí ẹgbẹ́ náà dá sílẹ̀ ti dúró. Àwọn tí ó ń ta aṣọ ni ó kọ́ ọ. Bí owó aṣọ bá lè kọ́ ilé-ẹ̀kọ́, ó lè gbé ṣọ́ọ̀bù aránṣọ mẹ́wàá dúró.

Ní Èkó, Shade Thomas-Fahm, tí ó kọ́ iṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ Saint Martin's ní Lọ́ńdọ̀nù, padà wálé ní 1960 ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù tí ó ń ta aṣọ tí a ti rán sílẹ̀ lábẹ́ orúkọ tirẹ̀. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ń wo aṣọ ilẹ̀ òkèèrè bí ọ̀làjú, òun fi sípì sí ìró kí ó má baà máa tú, ó ṣe gèlè tí a ti wé sílẹ̀ tí a kàn ń gbé lé orí. Ní 2022, nígbà tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Victoria and Albert ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe àfihàn aṣọ ilẹ̀ Áfíríkà, iṣẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Òun kan náà sì ti ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn tí ń dá àrà aṣọ ní Nàìjíríà. Ẹni tí ó ní orúkọ tirẹ̀ lára aṣọ kò sọ pé òun kò nílò ẹgbẹ́.

Ẹ̀kọ́ kíkorò náà wà. Ní àwọn ọdún 1920, àdìrẹ àwọn obìnrin Ẹ̀gbá tà títí dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣòwò Sẹ̀nẹ̀gà. Kí aró lè yá, ọ̀pọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí lo kọ́sítíìkì sódà àti aró ilẹ̀ òkèèrè dípò eérú àti ẹ̀lú. Ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ sí wá pé aṣọ kò dára bíi ti tẹ́lẹ̀. Aláké Adémọ́lá Kejì fi òfin de kọ́sítíìkì sódà àti aró náà, àwọn aláró kò gbà, wọ́n gba lọ́yà, ọ̀ràn náà sì le títí tí ìjọba fi gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ ní 1936. N kò dá ẹjọ́ láàrin wọn, nítorí àwọn obìnrin náà ní ọ̀rọ̀ tí ó yé ni: àkókò ọjà kò dára, wọ́n sì ń wá oúnjẹ. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ tí kò bá fi ojú ara rẹ̀ ṣọ́ iṣẹ́ ara rẹ̀, ará ìta yóò bá a ṣọ́ ọ. Lónìí tí aṣọ tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní òkèèrè ti ń fara wé àdìrẹ nínú ọjà Ìtòkú gan-an, iṣẹ́ tí ó dára pẹ̀lú orúkọ tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé ni ó kù tí a fi lè ya tiwa sọ́tọ̀.

Ẹ KỌ Ọ́ SÍLẸ̀

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní ẹgbẹ́ ni ó ń ba ọ̀rẹ́ jẹ́. Wọn yóò ní ẹni tí mo fi àrà mi hàn ni yóò jí i. Irọ́ kọ́. Ó ti ṣẹlẹ̀, yóò sì tún ṣẹlẹ̀. Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ jẹ́ kí a mọ̀ nínú ìtàn Dáwúdù, Súrà kejìdínlógójì, pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó da ohun ìní pọ̀ a máa ṣe àbòsí sí ara wọn, àfi àwọn onígbàgbọ́ tí ń ṣe rere, wọn kò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n kò ní kí a má ṣe da nǹkan pọ̀. Ohun tí Ó pa láṣẹ wà nínú Súrà Bákárà, ẹsẹ 282, ẹsẹ tí ó gùn jù lọ nínú Kùránì: bí a bá bá ara wa ṣe gbèsè títí di àkókò kan, kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí akọ̀wé kọ ọ́ pẹ̀lú òdodo, kí a sì pe ẹlẹ́rìí.

Kí ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ṣe é kọ èyí sílẹ̀ kí ẹ tó dá kọ́bọ̀ kan: iye tí olúkúlùkù dá, ẹni tí ó ni ẹ̀rọ, àti ẹni tí yóò tún un ṣe bí ó bá bàjẹ́, bí ẹni tí ó fẹ́ jáde yóò ti jáde, ohun tí àwọn àrólé yóò gbà bí ẹnì kan bá kú, àti pé àrà tí ẹnì kan bá mú wá síwájú ẹgbẹ́, ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ rán an fún títà láìgba àṣẹ rẹ̀. Ẹ má ṣe wí pé ọ̀rẹ́ ni wá. Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún.

Ní ti orúkọ, kí olúkúlùkù di tirẹ̀ mú. Ẹ̀rọ lè jẹ́ ti gbogbo yín, èsúsù lè jẹ́ ti gbogbo yín, orúkọ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ti gbogbo yín. Ohun kan sì wà tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò kò tíì yà sọ́tọ̀. Fífi orúkọ òwò sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC dára, báńkì a sì máa béèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kò sọ orúkọ tí ó wà lára aṣọ di tirẹ. Ohun tí ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni àmì òwò, tí a ń fi sílẹ̀ ní ọ́fíìsì àmì òwò ti ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá, lábẹ́ òfin 1965. Aṣọ wíwọ̀ wà ní ẹ̀ka 25. Bí wọ́n bá fi orúkọ náà sílẹ̀ fún ọ, ọdún méje ni yóò kọ́kọ́ fi jẹ́ tirẹ, lẹ́yìn náà a lè tún un ṣe ní ọdún mẹ́rìnlá mẹ́rìnlá. Bí owó rẹ̀ bá wúwo fún ẹnì kan, èsúsù wà fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ bá sì ṣòro fún ẹnì kan nínú yín, tí ọjà rẹ̀ kò tà, tí oṣù pé tí kò rí owó dá, kí ẹ rántí ẹsẹ 280 nínú Súrà kan náà, níbi tí a ti ní kí a fún onígbèsè tí ara ń ni ní àkókò títí yóò fi rọrùn fún un. Ẹ kọ èyí náà sínú ìwé òfin yín: oṣù mélòó ni a ó fi dúró de e? Àánú tí a ti kọ sílẹ̀ kì í di ìjà.

Ẹ̀yin olórí àsàlátù, ẹ̀yin Ìyá Àdínnì, ẹ̀yin lẹ́mọ̀mù wa, ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Kí Iléyá tí ń bọ̀ tó dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka iye aránṣọ tí ó wà nínú jàmáà yín. Ẹ pè wọ́n jókòó papọ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan, ẹ má sì fún wọn lówó. Ẹ fún wọn ní iṣẹ́ aṣọ ẹgbẹ́ ọdún yìí, ẹ san ìdajì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ sì béèrè iṣẹ́ tí ó dára lọ́wọ́ wọn bí ẹ ti ń béèrè lọ́wọ́ àjòjì. Bí ojú rírán bá tú, ẹ dá a padà, kí wọ́n tún un rán. Ìyẹn náà jẹ́ ìrànlọ́wọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ aránṣọ, ẹ̀yin náà ẹ má ṣe jókòó máa retí Saad. Ẹ ṣe bí Abdur-Rahman, ẹ béèrè ọ̀nà ọjà, kí ẹ sì jí lọ.

Kí Ọlọ́hun Ọba fi bàríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ wa, kí Ó má ṣe jẹ́ kí a jẹ nínú ohun tí Ó ṣe ní èèwọ̀, kí Ó sì jẹ́ kí orúkọ tí a bá fi sára aṣọ jẹ́ orúkọ tí a lè dáhùn sí níwájú Rẹ̀. Àmín. Wàsàláàmù.